Ọ̀rọ̀ Tó Di Etí Àwẹ̀ró

Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Gbogbo wa la ń pa òwe yìí. Ta ló mọ orírun rẹ̀ nínú wa?

Ní ìlú àwọn amọ̀kòkò kan, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fi ìka kan ìkòkò tí wọ́n bá ti sun, kí ó sì tẹ́tí sí i. Èyí tó dára á dún kedere. Èyí tó sán á dún bí igbá tó fọ́. Kì í ṣì í.

Ìyá rẹ̀ lóyún. Àwọn ọmọ tó bí tẹ̀lé Àwẹ̀ró ti kú. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró ń ṣa igi ìdáná lẹ́yìn ilé, ó gbọ́ tí Ìyá Àdùbí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀:

“Àwẹ̀ró yìí ló ń pa àwọn tó tẹ̀lé e. Bí ti inú yìí bá tún kú, òun gan-an la ó mú lọ sígbó.”

Igi bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kan ìkòkò tó sán, ó sì gbé e sáàárín àwọn tó dára. Ìyá rẹ̀ pè é, kò dáhùn. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, ó mọ́. Wọ́n kán àdín tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, pàbó ló já sí.

“Ẹ̀tàn ni!” ni Ìyá Àdùbí wí. Ó la ìkòkò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọmọ náà, ó fọ́ yángá. Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú tó rí Ìyá Àdùbí, ó sá mọ́ ìyá rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ tí ọmọ mi gbọ́?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Èmi ò bá ọmọ sọ nǹkan kan o! Ọ̀rẹ́ mi ni mo…”

Ìyá Àdùbí fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n etí tí yóò gbọ́ ọ ti dí. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ikùn ìyá rẹ̀ níbi tí ọmọ inú ti ń yí. Àwẹ̀ró já ọwọ́ gbà bí ẹni tí iná jó, kí ó má baà pa ọmọ inú náà.

Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ rọbí, Àwẹ̀ró kojú sí ògiri, ó di ojú pinpin. Ọmọ wálẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí kò tíì sọ nǹkan kan nígbà tí Àwẹ̀ró pariwo:

“Ó ń ké! Kò kú!” Etí rẹ̀ ti là.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pa á lówe ní ìlú yẹn pé bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo níbi tí ẹni tí kò lè gbé e wà, tàbí tí ọmọdé wà nítòsí, òwe yìí làgbà fi ń pa á lẹ́nu mọ́.