Ààbọ̀ Dọ́là Ìyá Fọlárìn
Ojúkòkòrò ni Ṣówándé tó ń ṣẹ́ dọ́là fi ń jẹun. Nígbà tí opó kan, Ìyá Fọlárìn, mú ààbọ̀ dọ́là àtijọ́, owó onírin tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, wá ṣẹ́ kó lè fi ra oògùn ọmọ, Ṣówándé ní, "Irin lásán! Àfi kó o mú òyìnbó tó rọ ọ́ wá jẹ́rìí." "Ó dáa, bàbá," ni obìnrin náà wí, ó bá kọjá sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ òdìkejì: "Ẹ dá ihò sí i fún mi, mo fẹ́ so ó mọ́ ewúrẹ́ mi lọ́rùn." Bí alágbẹ̀dẹ ṣe gbé òòlù sókè ni Ṣówándé sáré dé: "Ẹ má lù ú! Fàdákà ni! Bó bá nihò, iye rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn!" "Èló ni iye ọ̀hún?" "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà." "Alágbẹ̀dẹ, ẹ lù ú." "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún! Ìyá Fọlárìn, ẹ jọ̀ọ́!" Obìnrin náà gbowó tán kí alágbẹ̀dẹ tó sọ òòlù kalẹ̀.