Bọ́lájókòó Àwẹ̀ró, Ẹni Tó Fi Agogo Lé Orin Odò

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, ọyẹ́ mú ní Òkè-Àdán débi pé ètè àwọn ọmọdé ń bẹ́, ewéko ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Koríko bèrè tó yí orí òkè ká ti ga ju ènìyàn lọ, ó sì ti gbẹ táútáú. Àkókò yìí ni àwọn ọdẹ kan, tí a kò mọ̀ títí dòní, dáná sí ìgbẹ́ níhà ìlà-oòrùn torí pé wọ́n fẹ́ pa ọ̀yà. Afẹ́fẹ́ gba iná náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, iná ti gba ẹ̀yìn oko, èéfín sì ti sọ ọ̀sán di òru. Ìgbà ìkórè òwú sì ni, tọmọdé tàgbà ìlú ló wà lóko. Ẹni tó bá na ọwọ́ síwájú kò rí ìka ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sáré, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń sáré lọ.

Lórí àpáta tó ga jù ní Òkè-Àdán ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ wà, àárín ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì ni ilé agogo wà, tí wọ́n fi òkúta mọ gogoro. Kì í ṣe agogo kan ṣoṣo ló wà lókè rẹ̀ o. Agogo mẹ́tàlélógún ni, láti orí èyí tí kò ju igbá ìmumi lọ títí dé orí Bàbá-Agogo, tí ènìyàn mẹ́ta lè yà sábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Olúkúlùkù ló ní ohùn tirẹ̀. Wáyà ló so ahọ́n wọn mọ́ àwọn ọ̀pá igi tó tò síwájú àga kan ní yàrá tó wà lábẹ́ wọn gan-an, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ ni yóò máa fi ìkúùkù àti ẹsẹ̀ lu àwọn ọ̀pá náà, tí orin yóò fi máa jáde lókè. Àwọn arúgbó wa ní lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dún, àgbẹ̀ ju ọkọ́ sílẹ̀, ìyàwó tó ń bá ọkọ jà sì gbàgbé ohun tó ń bí i nínú. Èmi gba ti ọkọ́ gbọ́. Ti ìyàwó yẹn, n kò lè búra.

Ẹni tó ń lu agogo wọ̀nyí nígbà náà ni Bọ́lájókòó, tíṣà orin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: Àwẹ̀ró ọmọ Olódò, ọmọ omi tí kò kọ gègé, afìkúùkù-sọ̀rọ̀-kílùú-gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀ nítorí ọ̀pá igi tó ń lù. Inú ilé tí wọ́n ti ń jẹ oyè Yèyé Olódò ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó ọjọ́ ọdún odò, tí gbogbo ìlú yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Odò Oníyanrìn. Yèyé Olódò nìkan ní í lé orin lọ́jọ́ náà: “Ẹ ò wá sódò?” Ìlú a sì gbè é: “À ń bọ̀!” “Omi tútù ń pè yín o.” “À ń bọ̀!” Òfin sì wà nídìí orin yìí. Ẹlòmíràn tó bá lé e, ẹsẹ̀ onítọ̀hún kò gbọdọ̀ kan odò náà mọ́ láéláé. Àlùfáà Akíndùró, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, náà ti ṣe òfin tirẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ fi agogo ilé Ọlọ́run kọ orin odò.

Bọ́lájókòó wà lókè ilé agogo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó rí i láti ojú fèrèsé pé iná ń gun òkè bọ̀, ó ń jẹ bèrè bọ̀ wá sí ìdí kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an. Ìhà kan ṣoṣo ló ṣì mọ́, ìhà Odò Oníyanrìn, tí iyanrìn rẹ̀ fẹ̀ bí ojú ọjà. Oko òwú ni Fátúnṣìn ọkọ rẹ̀ wà, òun àti Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Bó ṣe yíjú padà, Àlùfáà Akíndùró ló rí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ti gbé ìkúùkù sókè láti lu ọ̀pá Bàbá-Agogo.

“Ẹ dákun, Ọ̀gá, ẹ má lù ú!”

“Má lù ú kẹ̀? Ìlú ń jóná!”

“Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé bí Bàbá-Agogo bá ti ń dún léraléra, abẹ́ ibí ni wọ́n máa ń sá wá. Inú iná lẹ fẹ́ pè wọ́n sí. Odò ló yẹ kí wọ́n lọ.”

“Ta ni yóò wá sọ fún wọn? Ẹsẹ̀ ta ló yá ju iná lọ?”

Bọ́lájókòó na ọwọ́ sí àwọn ọ̀pá igi náà. “Orin odò,” ló wí.

“Lórí agogo tí a yà sí mímọ́?”

Nígbà náà ni obìnrin yìí sọ ọ̀rọ̀ tí a kò gbàgbé ní Òkè-Àdán. Ó ní: “Ọ̀gá, ẹ̀yin kọ̀ ọ́, Yèyé Olódò náà kọ̀ ọ́. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ ó lé mi níṣẹ́. Bí mo bá ṣẹ̀ wọ́n, n kò ní fẹsẹ̀ kan odò tí wọ́n fi omi rẹ̀ wẹ̀ mí lọ́jọ́ ìkómọ mọ́ títí n ó fi kú. Ó dùn mí, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kéré jù nínú èéfín yẹn mọ orin náà ju orúkọ bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n. Bí Ọlọ́run bá bínú, ẹ ní èmi ni.”

Àlùfáà wò ó, ó wo iná, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. “Jókòó, ọmọ mi. Bí Ó bá máa bínú, kó bínú sí àwa méjèèjì.” Ló bá sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ máa pọn omi dà sí ilẹ̀kùn onígi ilé agogo, kí iná má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Bọ́lájókòó jókòó. Ó fi àwọn agogo kéékèèké lé orin, ó sì fi Bàbá-Agogo gbè é. “Ẹ ò wá sódò?” làwọn agogo wí. Bàbá-Agogo dáhùn, àpáta mì tìtì. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àṣìṣe ló ń ṣe. Àwọn tó wà nínú èéfín kò gbọ́ orin. Ohùn Bàbá-Agogo, tó bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀, nìkan ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì rò pé ìpè àtijọ́ ni. Fátúnṣìn sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun ti gbé Ìbídùn kọ́ ọrùn, òun ti kọjú sí òkè, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀ lé òun.

Òrùlé ilé agogo gbiná. Ẹyin iná kan já bọ́ sórí igi tó gbé wáyà Bàbá-Agogo ró, igi dá, wáyà já. Bọ́lájókòó lu ọ̀pá náà, kò dún. Ó tún un lù, òfo ni. Orin tí kò ní ègbè, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Obìnrin náà ń sunkún, ó sì ń lu tirẹ̀ lọ. Ó lé e, ó dákẹ́ níbi tó yẹ kí ègbè wà, ó tún lé e. “Ẹ ò wá sódò?” Kẹ́kẹ́ pa. “Omi tútù ń pè yín o.” Kẹ́kẹ́ tún pa.

Lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ohùn ènìyàn tó tín-ín-rín: “À ń bọ̀!”

Ó tún lé e. Ohùn méjì dáhùn, lẹ́yìn náà ogún, lẹ́yìn náà ohùn kò lónkà mọ́. Ta ni a pè báyẹn láti kékeré tí kò ní jẹ́? Àwọn tó sún mọ́ odò ń gbè é, àwọn tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ wọn, wọ́n ń fi etí tẹ̀ lé ohùn ara wọn nínú òkùnkùn ọ̀sán. Bọ́lájókòó gbọ́ bí ohùn ìlú ṣe kúrò ní ìdí òkè, tó yí gba oko òwú, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi iyanrìn, gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹnu kan ṣoṣo. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tó dùn. Ó ní òun kò mọ̀ mọ́ bóyá òun ló ń pe ìlú ni, tàbí ìlú ló ń pe òun.

Iná gba ẹ̀gbẹ́ òkúta ilé agogo kọjá, ó kú sétí iyanrìn. Bàbá Ògúnrọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, tí etí wọn ti di tipẹ́, nìkan ló bá a lọ, a kò sì gbàgbé wọn. Nígbà tí èéfín ká, Bọ́lájókòó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Àlùfáà tí iná ti jó irùngbọ̀n rẹ̀ dànù. Ó rìn títí dé òpin ọ̀nà odò, ó dúró níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Ìbídùn ń pariwo, “Ìyá mi, ẹ máa bọ̀!” Ó mi orí. Gbogbo ìlú wo Yèyé Olódò.

Yèyé ní, “Mo bá òfin yìí láyé ni, n kò lè rú u. Àwẹ̀ró, o kò gbọdọ̀ wá sódò mọ́.” Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìkòkò tirẹ̀ bu omi, ó gbé e rù. “Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí odò má wá sọ́dọ̀ rẹ.” Ó gba iyanrìn náà kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó lè bí lọ́mọ, ó sì fi omi náà wẹ ọwọ́ rẹ̀ tó ti wú.

Títí dòní, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ ọdún odò, Yèyé Olódò tó bá wà lórí oyè ní láti gbé omi gun ilé agogo lọ wẹ ọwọ́ ẹni tó ń lù ú. Ìran Bọ́lájókòó ló ṣì ń lù ú. A tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n a kò so wáyà Bàbá-Agogo mọ́. Ó wà lókè níbẹ̀, ó dákẹ́. Bí àlejò bá wà láàárín wa lọ́jọ́ náà, tí orin dé ibi ègbè tí agogo kò dún, á rò pé nǹkan ti bàjẹ́ lókè, á gbójú sókè máa wò. Nígbà náà ni gbogbo Òkè-Àdán yóò ya ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọmọ tàgbà, pé: “À ń bọ̀!”