Bí Ògúnfẹ́yímí Ṣe Gbé Ìyá Rẹ̀ Lọ sí Erékùṣù

Ní Àgérígé, ìlú kékeré kan tó wà níbi tí odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúnfẹ́yímí. Apá rẹ̀ ki, àyà rẹ̀ fẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń pe ènìyàn mẹ́rin jọ kí wọ́n tó tì í bọ omi, òun nìkan ló ń tì í. Ó mọ̀ pé òun lágbára, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ìyá rẹ̀, Adúnbí, ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Tẹniọlá, tó lọ sílé ọkọ ní erékùṣù tó jìnnà jù nínú àwọn erékùṣù mẹ́ta tó wà lókè odò. Kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ débẹ̀, ọkọ̀ nìkan ló ń gbéni lọ. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n ránṣẹ́ wá pé ẹsẹ̀ Tẹniọlá kò gbé e mọ́, àti pé àbúrò rẹ̀ ló ń béèrè. Àwọn ará erékùṣù sì ní òfin tiwọn. Àlejò kì í sùn lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ tó bá dé náà ni yóò padà. Bí ẹja bá sì ń yéyin, oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ àlejò kì í débẹ̀. Ọ̀la nìkan ló kù kí wọ́n ti odò. Bí Adúnbí kò bá lọ lọ́la, ta ló mọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ti wà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?

Lọ́sàn-án, ìyá àtọmọ jókòó ní èbúté, wọ́n ń ṣètò ìrìn náà. Adúnbí ti di àádùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn láti kékeré sínú ewé.

Ògúnfẹ́yímí ní, "Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ la ó ṣí. A ó yà kí Baálẹ̀ ní erékùṣù kìíní, a ó jẹun ní ìkejì, kí oòrùn tó kan àtàrí a ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà."

Ọkùnrin tín-ín-rín kan wà tó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí wọn, tó fi fìlà bojú. Orímisàn lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀lẹ ni gbogbo ìlú ń pè é, torí pé bí ìdí bá wà láti sùn, kì í wakọ̀. Ó ṣí fìlà kúrò lójú.

"Ìyá, ẹ má ṣí láàárọ̀ kùtùkùtù," ni ó wí. "Omi yóò ṣì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sókun nígbà yẹn. Bí oòrùn bá gun orí igi àgbọn yẹn, òkun á ti omi padà, òun fúnra rẹ̀ á sì gbé yín lọ. Èmi náà ń gbé iyọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí."

Kò sí ọmọ Àgérígé tí kò mọ èyí. Kí wọ́n tó tú okùn ọkọ̀, wọ́n á ju èèpo àgbọn sómi, wọ́n á wo ibi tó ń lọ. Bàbá Ògúnfẹ́yímí ti kọ́ ọ kó tó kú. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹni tí kò lápá ló nílò èèpo àgbọn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Orímisàn, èmi kì í bẹ omi kó tó gbé mi. Ẹ máa sùn ní tiyín."

"Oorun náà níṣẹ́ tó ń ṣe," ni Orímisàn wí, ó sì da fìlà padà sójú.

Adúnbí wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé kò ní sàn ká gbọ́ tirẹ̀?"

"Ìyá mi, bí a bá dúró de Ọ̀lẹ, ìgbà wo lẹ fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lo gbogbo ọjọ́ lọ́dọ̀ wọn." Òótọ́ ló sọ, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ìgbéraga kàn bá ìfẹ́ náà wọ ọkọ̀ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adúnbí ju èèpo àgbọn sómi. Èèpo náà sáré gba ọ̀nà òkun lọ. Ògúnfẹ́yímí rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó ki àjẹ̀ bọ omi. Lákọ̀ọ́kọ́, ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi máa kọjá erékùṣù kìíní, òógùn ti bò ó, kò sì rántí Baálẹ̀ mọ́. Níwájú, odò fún, omi sì le. Igi ńlá kan wà lápá ọ̀tún wọn. Ó wakọ̀, ó wakọ̀, igi náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Inú bí i, ó fi gbogbo agbára fa àjẹ̀, àjẹ̀ sì kán sí méjì. Kò mú òmíràn dání.

Omi gbá wọn sẹ́yìn, ó tì wọ́n sáàárín gbòǹgbò igi létí odò. Bí omi ti ń fà, ọkọ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀. Ògúnfẹ́yímí bọ́ sílẹ̀, ó fi agbára ènìyàn mẹ́rin tì í. Ọkọ̀ tún rì sí i, òun náà rì dé itan. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó gbé àádùn lé ẹsẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu omijé. Ẹkún yẹn dùn ún ju ọwọ́ tó bó lọ.

Ó pẹ́ kí omi tó yí padà. Nígbà tó yí, Orímisàn dé. Ó gbé àjẹ̀ lé itan, ó kàn ń fi tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ni. Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó bá wọn fa ọkọ̀ náà títí, kò mira, ni wọ́n bá so ó mọ́ igi, tìyá-tọmọ sì wọ ọkọ̀ Ọ̀lẹ.

Oòrùn ti yẹ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti gbé Tẹniọlá jókòó sórí àpótí ní èbúté. Òun àti Adúnbí dì mọ́ra wọn. Ní erékùṣù yẹn, awakọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún lómi. Ìyàwó ilé tó gbé igbá omi wá wo àyà Ògúnfẹ́yímí, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èmi kọ́," ni Ògúnfẹ́yímí wí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́. "Ẹ̀gbọ́n yìí ló wa ọkọ̀."

Tẹniọlá béèrè orúkọ awakọ̀ náà.

"Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè mí nílé, Ìyá," ni Orímisàn dáhùn. Ó wo odò. "Ẹ má bínú o, omi ti fẹ́ yí padà. Bí a kò bá lọ nísinsìnyí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa níbí."

Tẹniọlá kò tíì jẹ àádùn kan tán. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé kí ló dá wọn dúró, Adúnbí sì sọ ọ́, láìbù mọ́ ọn. Arúgbó náà yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ jí, ẹni tó sùn ló gbé ọ dé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi retí ìyá rẹ, o sì ti ri ìdajì ọjọ́ mi mọ́ ẹrẹ̀. Bí ẹni yìí bá ń jẹ́ Ọ̀lẹ, ìwọ ni baba rẹ̀."

Ògúnfẹ́yímí dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀, omi sì gbé wọn lọ sílé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Tẹniọlá ti kú. Ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ yẹn ni Adúnbí fi rí i mọ.

Láti ẹnu arúgbó yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní erékùṣù wọ Àgérígé, tó sì di ohun tí àwọn àgbà ń sọ fún ẹni tó bá gbójú lé apá tó fi làákàyè sílẹ̀, pé: alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.