Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọkọ̀ Tí Ń Jẹ Àádùn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: kí ni a ti mọ̀ nípa gígún iyán? Bí ẹni méjì bá ń gún un nínú odó kan, ọ̀kan á gbé ọmọ odó sókè kí ti èkejì tó sọ̀kalẹ̀. Bí ẹnì kan bá kánjú, ọmọ odó á pàdé ọmọ odó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ rí. Irin kan ń gòkè nínú rẹ̀. Bó bá dé òkè tán ni iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ láti tì í sọ̀kalẹ̀. Bí iná bá yá jù, á ti irin náà padà, ẹni tó ń fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì á sì gba ẹ̀ṣẹ́. Mímú iná àti irin bára dọ́gba yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìnì. Ó yé yín? Ó dára. Kò yé Ẹfọ̀n.

Ẹfọ̀n fẹ́ gbéyàwó. Kí oòrùn tó wọ̀, agbọ̀n àádùn ìdána gbọ́dọ̀ dé ilé àna, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Àgbọ̀nrín ni wọn yóò fi ọmọ fún. Ó ra ọkọ̀ àtijọ́ kan, ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ mẹkáníìkì bá òun ṣe táímìnì rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbóòórùn àádùn, itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ó fi sípánà tú dísíbútọ̀, ohun tí ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì, ó yí i kí iná lè máa yá jù. Ó wá fi ìrù nu àmì ẹfun tí ń tọ́ka ibi tó yẹ kó wà, kí ẹlòmíràn má baà tún un ṣe.

"Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ yí i."

Ẹfọ̀n ki ọ̀pá irin bọ iwájú ọkọ̀, ó yí i. Gbàù! Irin ta padà, ó gbé e jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìnàkí, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, ní, "Kúrò níbẹ̀, ọ̀lẹ!" Gbàù! Òun náà bá a nínú ẹrẹ̀.

"Ebi ló ń pa ọkọ̀," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, ojú rẹ̀ le bí ti adájọ́. "Ẹ bu àádùn sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì kọ̀yìn o, àgbà ọkọ̀ kì í jẹun lójú èrò."

Àwọn tó lè forí wó ìrókò kọ̀yìn! Wọ́n tilẹ̀ ń bẹ ọkọ̀ pé, "Bàbá, ẹ rọra jẹ ẹ́, kó má baà pá yín lórí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹ́ tán. Wọ́n yí i, gbàù! "Kò tíì yó," ni ó wí. Agbọ̀n ń fúyẹ́, oòrùn ń rẹlẹ̀.

Ìyá Ẹfọ̀n, tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, wá sọ̀rọ̀. "Ọ̀kẹ́rẹ́ ọmọ mi, ọkọ̀ ló jẹun, ètè tìrẹ ni epo wà. Ìwọ ló kàn. Yí i."

"Ìyá, iṣẹ́ àwọn alágbára ni…"

"Mo ní kí o yí i."

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré sídìí dísíbútọ̀ kó dá a padà. Àmì dà? Ìrù ti nù ún. Ọ̀tún ni tàbí òsì? Ọwọ́ ń yọ̀ fún epo, ẹ̀rù ń bà á, ló bá tún mú kí iná yá sí i. Ó yí irin. GBÀÙ! Ó fò kọjá lórí Ẹfọ̀n, ó balẹ̀ sórí ọ̀pẹ, ọwọ́ kan rọ jọwọrọ.

"Ẹfọ̀n," ni ìyá rẹ̀ wí, "ẹsẹ̀ mẹ́rin ni o ní, o ń wá táyà mẹ́rin. Gbé agbọ̀n, kí o sáré!"

Ó sáré. Àwọn àna wo àádùn díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ agbọ̀n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n oòrùn kò tíì wọ̀, wọ́n sì fún un ní ìyàwó.

Ẹni tó nu àmì ọ̀nà kí ẹlòmíràn lè ṣìnà, òun náà á wá ọ̀nà tì. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo pa, ẹ lọ sídìí ọ̀pẹ lọ́la, ẹ ju ẹ̀pà kan sí Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ẹ wò ó bóyá á lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e dé ẹnu: láti ọjọ́ náà, ọwọ́ méjì ló fi ń jẹun.