Awakọ̀ Bàálù Tí Ojú Ń Tì Láti Yí Po

Ọkùnrin kan wà tó ń wa bàálù. Ó máa ń fọ́nnu pé láti ogún ọdún, òun kò dé ibi ìbalẹ̀ kí òun tún gbéra sókè padà rí.

Lọ́jọ́ kan, bàbá ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn èrò. Ọkùnrin náà ń sọ ìtàn fún igbákejì rẹ̀, obìnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, títí àkókò tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fi kọjá. Nígbà tó fura, ìlú ti dé tán, wọ́n sì ṣì ga jù. Síbẹ̀ ó kéde fún èrò, ó kí àna rẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí wọ́n balẹ̀.

Ló bá dorí bàálù kọ ilẹ̀. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè mọ ohun tó tẹ̀ lé e: eré ń pọ̀ sí i. Bó bá sì gbé imú bàálù sókè kí eré lè dín, kò ní sọ̀ kalẹ̀ tó mọ́. Igbákejì rẹ̀ rọra sọ pé, ẹ jọ̀wọ́, eré ti ń pọ̀ díẹ̀. Ó ní òun rí i. Obìnrin náà tún un sọ.

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Títì ìbalẹ̀ yọ nínú òjò, ó ń dán fún omi, ọ̀gbun sì wà ní ìparí rẹ̀. Ọkùnrin náà rí i kedere pé títì yóò tán kí bàálù tó dúró. Àmọ́ ojú àna rẹ̀ ló ń rí. Lẹ́yìn tó ti kéde? Kò gbé bàálù sókè.

"Ọ̀gá," obìnrin náà ní, láìfi ẹ jọ̀wọ́ kún un mọ́, "ẹ gbé e sókè. A máa kú."

Ó gbé e. Ẹ́ńjìnnì ké, ọ̀gbun kọjá lábẹ́ wọn. Wọ́n yí po, wọ́n fara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì balẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà bàálù, bàbá ìyàwó rẹ̀ ní, "Àna mi, àṣé o kì í tètè rí ọ̀nà." Èrò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀sín náà kò tilẹ̀ dùn ún.

Ìwọ bàbá tí mò ń bá wí, ọmọ rẹ obìnrin rọra sọ fún ọ pé ọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́ ti gbá òun létí. O ní kó mú sùúrù. Ó tún wá pẹ̀lú ojú wíwú, o ní a ti pín ìwé ìpè, kí ni aráyé máa wí? Jẹ́ kí wọ́n wí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Taya kò tíì kan ilẹ̀. Gbé e sókè.