Okùn Inú Ọ̀kété

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi kò lọ sóko, kò lọ sódò. Inú ikùn Ọ̀kété ló wọ̀ lọ, ibẹ̀ náà la ó ti yọ ọ́.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko máa ń jẹun pọ̀ nígbà ìkórè. Ọpọ́n ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí ká. Òfin ibẹ̀ kò ju méjì lọ: ẹni tó bá ti dìde kò gbọdọ̀ jókòó mọ́, ẹni tó bá sì dìde kẹ́yìn ló ni àjẹkù. Ọdọọdún ni Ọ̀kété máa ń kọ́kọ́ dìde. Ikùn rẹ̀ kéré, kì í pẹ́ yó. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo Ẹfọ̀n níbi tó ti ń jẹun lọ. Ó máa ń dùn ún wọra.

Lọ́dún kan, ó lọ bá Alántakùn, àgbà tó fi òwú so inú gbogbo ẹranko nígbà ìwáṣẹ̀. Ó ní kó bá òun tú okùn inú òun. Ó ní òun kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀, síbẹ̀ ikùn òun ń fà. Kí ló ń fà sí nígbà tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe? Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, àyè á pọ̀ níbẹ̀.

Alántakùn fọwọ́ kan òwú ilé rẹ̀.

"Ọ̀kété, wo ilé mi. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ó fà le. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́ torí pé ó ń sinmi, kí ni yóò fi mú kòkòrò bó bá dé?"

"Bàbá, ilé tiyín nìyẹn. Ikùn tèmi ni mò ń sọ."

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Alántakùn tú u. Inú Ọ̀kété rọ̀ bí àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè pé. Ọ̀kété jẹ iṣu, ó jẹ àgbàdo, ó jẹ ẹ̀pà. Ehoro dìde. Ìnàkí dìde. Ẹfọ̀n pàápàá mí kanlẹ̀, ó dìde. Ó ku Ọ̀kété nìkan, oúnjẹ sì ṣì wà dé ìdajì ọpọ́n. Kó ṣáà dìde ló kù, gbogbo rẹ̀ á di tirẹ̀.

Kò lè dìde. Ikùn ti tẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Ilẹ̀ mọ́, kò lè dìde. Èyí tó burú jù ni pé ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Má rẹ́rìn-ín, Oyèlọ́lá tó jókòó síwájú mi yìí, ìwọ náà kì í yó bọ̀rọ̀. Oúnjẹ wà níkùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń tì í síwájú. Bó ṣe wọlé ló ṣe jókòó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú Ọ̀kété ti jìn wọnú, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọ̀kété ránṣẹ́ sí Alántakùn.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Mo yó, ebi sì ń pa mí kú lọ."

Alántakùn kò bá a wí. Ó rọra ń fa òwú náà padà, díẹ̀díẹ̀. Ikùn kó ara rẹ̀ jọ, oúnjẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Òwú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ti dẹ̀ pẹ̀lú ti inú, nìkan ni kò rántí fà. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀kété fi ń di ẹ̀kùrọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ wọ ihò títí dòní.

Nígbà tó máa fi dìde, iṣu inú ọpọ́n ti bu, àgbàdo ti kan. Tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bá a du ú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tó ń sinmi kọ́ ni ohun tí kò ṣiṣẹ́. Má torí àjẹkù tú ohun tó so ẹ́ ró. Ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn yín. Bó bá ń fà díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń ṣọ́ yín ni. Bí mo bá sì purọ́ fún yín, kí okùn inú mi dẹ̀ kí ìkórè tó dé.