Owú Tó Rì Sínú Ọ̀sà

Owú Baálẹ̀ Jagunmólú, irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ ń rọ irin lé lórí, já bọ́ láti inú ọkọ̀ Fágbuyì, arúgbó atukọ̀, ó sì wọnú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Baálẹ̀ ní kí Ẹbùn, ọmọbìnrin Fágbuyì, gbé e jáde kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a fà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà. Ẹbùn bu omi sínú ọkọ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó rì, ó mòòkùn, ó fi okùn so owú mọ́ ọkọ̀ dan-in-dan-in. Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ní èbúté. Fágbuyì, tó jókòó sínú ọkọ̀, ní, "Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ yìí dànù." Ẹbùn rọra gbé igbá lé e lọ́wọ́: "Bàbá mi, ẹ máa gbọ́n ọn nìṣó." Bí àgbà ṣe ń gbọ́n omi ni ọkọ̀ ń fúyẹ́, tí ọ̀sà sì ń gbé e sókè, títí ẹrẹ̀ fi tú owú sílẹ̀. Wọ́n tu ọkọ̀ wá sí èbúté, owú ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ rẹ̀. Baálẹ̀ pariwo, "Ta ló bá ọ fà á?" Ẹbùn kúnlẹ̀: "Kò sẹ́ni tó fà á, Baálẹ̀ wa. Bàbá mi kàn gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀ ni."